Ṣáláńgá Ẹ̀yìn Fèrèsé

Ọmọ tí ìbọn kò rí pa, omi mímu ló fẹ́ wá pa á yìí, ìyá rẹ̀ kò sì tíì mọ̀. Ohun tí Aránṣọ mọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà kò ju pé Tíńtín ti ń yàgbẹ́ bí omi láti ìdájí, pé ó ti bì, pé ó tún bì, àti pé ojú ọmọ náà ti jìn wọnú bí ojú arúgbó. Ó gbé e lé itan, ó ń fi àkísà tútù nu ẹsẹ̀ rẹ̀. Tíńtín ni wọ́n ń pè é nítorí pé bíńtín ló wà nígbà tí wọ́n bí i, láàárín ìró ìbọn, nínú yàrá kan tí kò ní ilẹ̀kùn. Ó ti wá di ẹni tó ń sáré kiri àgbàlá, tó ń jí bọ́tìnì ìyá rẹ̀ jù sẹ́nu. Láàárọ̀ yìí, kò lè gbé orí ara rẹ̀.

“Fún un lómi,” ni ìyá ọkọ rẹ̀ wí láti ẹnu ọ̀nà. “Ọmọ tí inú rẹ̀ ń ṣí báyìí, omi ló ń fẹ́.”

“Mo ti fún un, Màmá. Mi ò tíì yé fún un.”

“Tún fún un.”

Aránṣọ bu omi nínú ìkòkò. Omi kànga àgbàlá wọn ni. Ó mọ́ gaara, ó tutù, kò ní òórùn kankan. Èèyàn lè rí ìdí ife nínú rẹ̀. Láti ìgbà tí ìjà ti ba ilé ẹ̀rọ omi jẹ́, tí ẹ̀rọ ojú pópó kò sì mú nǹkan kan jáde mọ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, kànga yìí ni gbogbo àgbàlá ń mu, àti onílé àti ayálégbé, àtàwọn tí ogun lé wá tí wọ́n fi ọ̀rá ṣe àgọ́ sẹ́yìn ilé. Wọ́n á ní omi kò lọ́tàá. Tíńtín mu ún, ó sì bì í padà sí ìyá rẹ̀ láyà.

Ìyá ọkọ gbójú kúrò lára wọn. Ó ní, “Kí lo fún un jẹ lánàá?”

“Ìrẹsì tí gbogbo wa jẹ ni, Màmá.”

“Gbogbo wa jẹ ẹ́, kò sí ohun tó ṣe wá.”

“Ṣé mo wá fi májèlé sí tọmọ mi ni?”

“Ta ló dárúkọ májèlé? Mo ní kí lo fún un jẹ.”

Aránṣọ nu èébì kúrò láyà rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ní kí wọ́n máa se omi kí wọ́n tó mu ún, ìyá yìí kan náà ló sì ní ìnákúnàá ni, kí lèèyàn ń se omi tó mọ́ tó báyẹn sí. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé kò sí igi. Ẹni tó bá fẹ́ ṣẹ́gi, inú igbó ìsàlẹ̀ ló máa wọ̀, kò sì sí ẹni tó ń wọ igbó ìsàlẹ̀ mọ́. Èyí tí wọ́n ń kó wá tà lójú títì, owó rẹ̀ ti fẹ́ ju ti oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ fi sè lọ. Nítorí náà wọ́n ń dáná lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, wọ́n sì ń mu omi bó ṣe wà.

Ìgbà tó ń fi ọ̀já di ọmọ mọ́ ẹ̀yìn ló gbọ́ ohùn Oníbúrẹ́dì lóde. Obìnrin yìí ni aládùúgbò tó múlé tì wọ́n jù, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọ̀bẹ tó fi ń gé búrẹ́dì lọ. Àmọ́ lọ́jọ́ náà kò bú ẹnikẹ́ni. Ó gbé ọmọ kan pọ̀n, ó fa èkejì lọ́wọ́, èyí tó fà lọ́wọ́ sì ń di inú mú.

“Ìyá Tíńtín, ṣé tìrẹ náà ni?”

“Tèmi náà ni, ẹ̀gbọ́n.”

“Ó yá, má wulẹ̀ wá bàtà. Jẹ́ ká máa lọ.”

Ilé ìwòsàn kò jìnnà. Òrùlé rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ di tuntun ni, ihò ọta ṣì wà lára ògiri, ẹnìkan sì ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ a-b-d yí ọ̀kan nínú àwọn ihò náà ká. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ jẹ́ obìnrin tí kì í jókòó. Ó fi ìka méjì fa awọ ikùn Tíńtín sókè, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Awọ náà kò tètè padà sáyè rẹ̀.

“Ìgbà wo ló tọ̀ gbẹ̀yìn?”

Ìgbẹ́ ni Aránṣọ ti ń ṣọ́ láti ìdájí. Kò rántí pé òun rí ìtọ̀.

“Ẹ má sunkún, kò tíì kan ẹkún,” ni Nọ́ọ̀sì wí. Ó po oògùn oníyọ̀ àti ṣúgà sínú ìgò kan, ó fi ṣíbí lé e lọ́wọ́. “Díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa fún un. Tó bá bì í, ẹ sinmi, kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mò ń wá báyìí ni ìtọ̀. Tó bá tọ̀ kí oòrùn tó wọ̀, ẹ fọkàn balẹ̀, ara rẹ̀ ti ń bọ̀ sípò nìyẹn. Tí kò bá tọ̀, ẹ má jẹ́ kílẹ̀ ṣú bá yín nílé, ẹ gbé e padà wá ká fa omi sí i lára.”

Ó yíjú sí Oníbúrẹ́dì, ó tún yíjú sí ìyá kan láti inú àgọ́ ọ̀rá tó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì ṣáájú wọn, tó gbé ìkókó lé ẹsẹ̀. Ó wò wọ́n lọ, ó wò wọ́n bọ̀.

“Níbo lẹ̀yin ń gbé?”

Wọ́n sọ fún un.

“Ẹ̀yin ńkọ́?”

Ibì kan náà.

“Omi wo lẹ̀ ń mu níbẹ̀?”

Gbogbo wọn wo ara wọn lójú. Oníbúrẹ́dì ló dáhùn, ohùn rẹ̀ sì kéré. “Omi kànga wa ni, Nọ́ọ̀sì. Ó mọ́.”

“Mi ò ní kò mọ́,” ni Nọ́ọ̀sì wí. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi kan fún wọn láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. “Èyí ni kẹ́ ẹ máa fi po oògùn. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ti kànga yẹn kan ẹnu mọ́, títí mo fi máa wá wò ó lọ́sàn-án yìí.”

Ó sì wá lóòótọ́. Ìgbà tó dé, Tíńtín ti mu ṣíbí tí kò lóǹkà, ó ti bì, ó sì tún ti ń mu. Bíríkìlà, bàbá rẹ̀, ti sáré dé láti ibi iṣẹ́ tí wọ́n ti lọ pè é, sìmẹ́ńtì ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi ìyàwó rẹ̀.

“Ó ti tọ̀?”

“Kò tíì tọ̀.”

Ó wo ojú oòrùn. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu ọkùnrin náà.

Nọ́ọ̀sì yí kànga po. Ó ní ìdérí. Etí rẹ̀ ga, wọ́n rẹ́ ẹ dáadáa, okùn rẹ̀ kò sì wọ́ nílẹ̀. Bíríkìlà ló tún etí kànga náà kọ́ lẹ́yìn ìjà, kò sì gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bàbá Onílé, tó ti sáré lọ wọ agbádá, ń tẹ̀lé Nọ́ọ̀sì lẹ́yìn bí ẹni tó ń polówó ọjà.

“Bàbá tó bí mi ló gbẹ́ kànga yìí. Òun la mu dàgbà. Ó ṣe wá jẹ́ ìsinsìnyí ni yóò máa pa ọmọ?”

“Bàbá, ṣáláńgá yín dà?”

Ìgbà yẹn ni àyà Aránṣọ já.

Ẹ̀yìn fèrèsé rẹ̀ ni ṣáláńgá wà, ní apá òkè àgbàlá. Èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn ọgbà tó ti wó, létí igbó. Igbó yẹn ni àwọn oníbọn gbà wọ̀lú. Ìyàwó ilé kan nínú àgbàlá yìí lọ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kò sì padà wálé. Kò sí ẹni tó máa ń sọ ọ́. Wọ́n kàn ṣíwọ́ ibẹ̀ ni. Ìgbà tí Bíríkìlà gbé ṣọ́bìrì láti gbẹ́ òmíràn, ìsàlẹ̀ náà ló fẹ́ gbẹ́ ẹ sí, ó ní òkè kò dáa, nítorí kànga. Aránṣọ ló dúró níwájú rẹ̀. Ó ní ọmọ òun kò ní fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ibẹ̀. Ó ní ẹ̀yìn fèrèsé òun ni kó gbẹ́ ẹ sí, kí òun lè máa gbọ́ ohùn àwọn ọmọdé níbi tí òun ti ń ránṣọ. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ọkọ rẹ̀ wò ó títí, ó sì gbẹ́ ẹ síbẹ̀. Ọjọ́ tó parí rẹ̀, àdúrà ni gbogbo àgbàlá ń ṣe fún un.

Nọ́ọ̀sì dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣáláńgá náà, ó yíjú sí kànga. Ó gba kẹ́tùlù lọ́wọ́ ìyá ọkọ Aránṣọ, ó sì da omi inú rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́rẹ́ lẹ́sẹ̀ ògiri ṣáláńgá. Omi náà kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀nà. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé, ó ya àwọn adìyẹ sọ́tọ̀, ó gba abẹ́ okùn tí wọ́n sá aṣọ sí, ó sì dúró lẹ́sẹ̀ kànga bí ẹni tó délé.

“Èyí tẹ́ ẹ rí lórí ilẹ̀ yìí,” ni Nọ́ọ̀sì wí, “ó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ náà. Òjò àìpẹ́ yìí ló wá gbé e dé inú kànga.”

Ìyá ọkọ Aránṣọ tutọ́ sílẹ̀. Òun náà ti mu ife kan láàárọ̀.

Ni ẹnu Oníbúrẹ́dì bá là. “Bàbá Tíńtín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́lé fún gbogbo ayé. Ẹ ò mọ ibi tí wọ́n ń gbẹ́ ṣáláńgá sí?”

Bíríkìlà ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Ọmọ mi méjì ló dùbúlẹ̀. Méjì. Ẹ sọ̀rọ̀, a ń gbọ́.”

“Kí ló máa sọ?” Bàbá Onílé gbà á lẹ́nu rẹ̀. “Ilẹ̀ bàbá mi ló bà jẹ́. Ṣé wọ́n ń kọ́ ẹ níṣẹ́ ni àbí o kàn ń wo ojú ọ̀run?”

“Èmi sọ fún un,” ni ìyá Bíríkìlà tìkára rẹ̀ wí, bẹ́ẹ̀ kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ó yẹ kí èèyàn gbé irú ọkùnrin yẹn gẹ̀gẹ̀. Ojú gbogbo wọn wà lára rẹ̀, ó lè fi ọ̀rọ̀ kan péré sọ ẹrù náà kalẹ̀, kó sì máa lọ wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò tilẹ̀ ṣe bí ẹni fẹ́ wo ibi tí ìyàwó rẹ̀ wà. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run; àmọ́ Aránṣọ mọ̀, tirẹ̀ ló ń run. Ó fún Tíńtín ní ṣíbí kan lórí ẹ̀yìn, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe láti àárọ̀, ìdajì rẹ̀ sì dà sí i léjìká. Ojú ń tì í, ìbẹ̀rù sì ń bà á ju ojú tó ń tì í lọ. Bí ọmọ yìí bá kú, òun ló gbẹ́ ihò rẹ̀ sẹ́yìn fèrèsé.

“Ẹ fi í sílẹ̀,” ló wí. “Èmi ni.”

Wọ́n yíjú sí i.

“Ìsàlẹ̀ ló fẹ́ gbẹ́ ẹ sí. Ó sọ ti kànga fún mi. Èmi ni mo ní dandan, ẹ̀yìn fèrèsé mi ni. Mo ń sá fún igbó.” Ó kọjú sí Oníbúrẹ́dì. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bẹ àwọn ọmọ yín.”

Adìyẹ kan wá mu nínú omi tó dúró lẹ́sẹ̀ kànga, Nọ́ọ̀sì sì lé e. Oníbúrẹ́dì wo Aránṣọ látòkè délẹ̀, gbogbo èèyàn sì ń retí ọ̀bẹ.

“Búrẹ́dì ńlá kan ni mo gbé fún ọkọ rẹ lọ́jọ́ tó parí ẹ̀,” ló wí níkẹyìn. “Èyí tí mi ò lè gbé fún ọkọ tèmi. Mo ní Ọlọ́run á bá mi san án fún un, pé ó yọ àwọn ọmọ mi lọ́nà igbó.” Ó jókòó sórí òkúta ìfọṣọ. “Ta ni mo fẹ́ wá bú báyìí?”

Bàbá Onílé fa agbádá rẹ̀ sókè. “Ó dáa, ẹ jẹ́ ká kàn máa se omi.”

“Igi dà?” ni Oníbúrẹ́dì bi í.

Nọ́ọ̀sì wá là á yé wọn. Wọ́n máa ti kànga pa lónìí. Ọkọ̀ omi máa ń dé ìkóríta láràárọ̀, òun á ní kó máa yà lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n máa di ṣáláńgá òkè, wọ́n máa gbẹ́ òmíràn sísàlẹ̀, lẹ́yìn náà ni òun á wá da oògùn sínú kànga, òun á sì yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹnikẹ́ni tó mu ún. “Àmọ́ èyí tẹ́ ẹ bá gbẹ́ táwọn ọmọ ò lè lọ,” ló wí, “ihò lásán ni.”

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ há sí. Gbogbo wọn wo ìsàlẹ̀, wọ́n wo ọgbà tó wó àti koríko tó ga ju ọmọdé lọ, olúkúlùkù sì ń ronú ohun kan náà tí wọn kì í sọ.

“Máṣíìnì mi ò ní gbòǹgbò,” ni Aránṣọ wí.

Ọkọ rẹ̀ gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́.

“Ẹ̀yìn fèrèsé ni mo fẹ́ kó wà kí n lè máa gbọ́ ohùn wọn. Kò pọn dandan kí ṣáláńgá wá bá mi. Èmi lè lọ bá a. Ibi tí mo bá gbé máṣíìnì mi sí ni màá jókòó sí. Láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, kò sí ọmọ tó máa gba ibẹ̀ kọjá tí ojú mi ò ní rí i.”

“Ní etí igbó?” ni ìyá ọkọ rẹ̀ bi í.

“Ní etí igbó, Màmá.”

“Èmi á máa gbé àtẹ búrẹ́dì mi wá jókòó tì ọ́,” ni Oníbúrẹ́dì wí.

“Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa ra búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáláńgá?”

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló sì gba ọ̀nà fún àwọn yòókù. Oníbúrẹ́dì ní kò burú, ìgbà tí òun bá tajà tán lòun á máa wá. Ìyá àgọ́ ọ̀rá ní àwọn tó wà lẹ́yìn ilé lè máa pín ìrọ̀lẹ́ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Bíríkìlà ní òun á gbé ọgbà náà dìde kó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí wọ́n bá lè bá òun ṣa búlọ́ọ̀kù tó wó jọ. Ní ti òru, póò ni gbogbo ọmọ máa lò nínú ilé, ẹ̀tọ́ sì ni.

Bàbá Onílé bọ́ agbádá rẹ̀. Ó ní òun ní àdá méjì.

Wọn kò dá a dọ̀la. Bíríkìlà gbé orí máṣíìnì lé èjìká, ìyàwó rẹ̀ gbé tábìlì rẹ̀ lórí, Tíńtín lẹ́yìn, ìgò oògùn lọ́wọ́, wọ́n sì sọ̀kalẹ̀ lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kì í lọ. Wọ́n gbé máṣíìnì náà kalẹ̀ sábẹ́ igi kan nítòsí ọgbà tó wó. Aránṣọ jókòó, ó ki aṣọ ilé ìwé kan bọ abẹ́ abẹ́rẹ́, ó ń fi ọwọ́ kan yí i, ó ń fi ọwọ́ kejì bu ṣíbí. Ṣáńṣán ni àdá ń dún. Koríko ń wólẹ̀, ibẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí ilẹ̀ tí ó lólúwa.

Nǹkan mì nínú igbó. Àdá dúró. Ṣọ́bìrì dúró. Aránṣọ ti fi ọwọ́ méjèèjì gbá ọmọ mọ́ ẹ̀yìn kó tó mọ̀ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀. Ewúrẹ́ kan yọ orí, ewé ṣì ń rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

“Ewúrẹ́ mi nìyẹn,” ni Bàbá Onílé wí. “Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń wá a.”

Wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Ihò náà ti dé orúnkún Bíríkìlà, oòrùn sì ti ń lọ sẹ́yìn igbó, ó pọ́n, kò sì ní pẹ́ wọ̀. Ó ń wo oòrùn, ìyàwó rẹ̀ náà ń wò ó, kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún ẹnì kejì. Nọ́ọ̀sì ti padà sílé ìwòsàn, ó ní òun kò ní tilẹ̀kùn. Aránṣọ ti ń ro bí òun ṣe máa dìde, ọ̀nà tí òun máa gbà, ẹni tó máa bá òun gbé ìgò. Ó bu ṣíbí kan sí i. Tíńtín gbé e mì, ó sì gbé orí rẹ̀ kúrò léjìká ìyá rẹ̀, ó ń wo ewúrẹ́.

Ni nǹkan gbígbóná bá tú sí Aránṣọ lẹ́yìn. Ó gba inú ọ̀já, ó gba inú ìró, ó ṣàn dé itan rẹ̀. Kò mira. Ẹ̀rù ń bà á pé bóyá ìgbẹ́ ni. Ó fi ọwọ́ kan án, ó gbé ọwọ́ náà sí imú.

“Bàbá Tíńtín,” ló pè é jẹ́jẹ́. “Ó tọ̀.”

Bíríkìlà jáde nínú ihò. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó kún fún ẹrẹ̀ lé ìdí ọmọ náà lórí ìró tó tutù, bí ẹni tó ń yẹ ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ wò, kò sì tètè gbé e kúrò.

“Ẹ wo ọmọ tí kò ní sùúrù,” ni Oníbúrẹ́dì wí, omi sì wà lójú òun náà. “A ò tíì gbẹ́ ṣáláńgá dé ìbàdí, ó ti bá wa ṣí i.”

Ẹ̀rín náà dé òkè àgbàlá. Ìyá ọkọ Aránṣọ tẹ̀lé e wá, ó mú ìró mìíràn lọ́wọ́. Ó dúró díẹ̀ nítòsí ọgbà tó wó, níbi tí kò fi ẹsẹ̀ kàn láti ìgbà ìjà, lẹ́yìn náà ó gbé ẹsẹ̀ kọjá rẹ̀.

“Dìde, ọmọ mi, wá pààrọ̀ aṣọ. Òtútù á mú ọ.”

“Ẹ fi í sílẹ̀, Màmá,” ni Aránṣọ wí. “Ẹ jẹ́ kó gbẹ sí mi lára.”